Iná Àkọ́kọ́ Nínú Ààrò Ọ̀gá

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Karùn-ún 1992

Wọ́n lé Ọ̀gá lónìí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ọ̀gá Fáṣínà ti ń jó irin fún káńsù, ìwé pélébé kan ni wọ́n fi lé e. Wọ́n ní ó jí dúrọ́ọ̀mù mẹ́jọ.

Dúrọ́ọ̀mù àlòpatì tí ìpẹtà ti jẹ ìdí wọn ni o. Òjò ti ń pa wọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa láti ọjọ́ tí mo ti dé yáàdì. Ẹnjiníà Ọlábísí, olórí wa ní yáàdì, fúnra rẹ̀ ló ní kí Ọ̀gá kó wọn, kí ó fi wọ́n dán ààrò tí ń jó ìyẹ̀fun pákó wò. Ọwọ́ mi wà lára ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ó ń sọ ọ́. Lágúnjú tí ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, ẹnjiníà ní òun kò rántí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi Lágúnjú, ó ń wo bàtà ara rẹ̀, ó ní òun ń ka ṣọ́bìrì lọ́jọ́ náà, òun kò gbọ́. Wọ́n bi èmi, mo sọ bó ṣe rí. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí, kí ni mo tún fẹ́ sọ.

Mo ra ìwé yìí ní Ilare nígbà tí mo ń darí bọ̀. Inú tèmi máa ń rọ̀ bí mo bá ti jẹun yó, mo mọ ara mi. Gbogbo ohun tí Ọlábísí bá ṣe ni n ó máa kọ síbí, kí n má baà rí ọjọ́ kan tí n ó dárí jì í.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Karùn-ún

Mo kọ lẹ́tà pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú un lọ han Ọ̀gá nílé rẹ̀ ní Ìlódè. Ó kà á tán, ó fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìwọ náà fẹ́ fi ààrò náà sílẹ̀ fún un?"

Mo ní n kò lè máa kí ọkùnrin náà ní "sà" láràárọ̀.

"Kí i. Ẹnu kì í ya nítorí ìkíni. Àwa méjì la mọ bí ààrò yẹn ṣe ń jó. Mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ìwọ náà bá kúrò, ó di kí ni?"

Mo padà sí yáàdì. Mo kí Ọlábísí ní "sà". Ó wò mí bí ẹni ń wo ajá ẹlòmíràn.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Karùn-ún

Màmá Hàjàrá, olórí àwọn ẹlẹ́kọ Ìlódè, tún ààrò alámọ̀ rẹ̀ mọ. Mo bá wọn pọn omi. Bàbá tó mọ ọ́n ló dá iná àkọ́kọ́ sí i, òun náà ló jẹ ẹ̀kọ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Bí ẹni tó mọ ààrò kò bá tíì dáná sí i, kò sí ẹlẹ́kọ kan níbí tí yóò gbé ìkòkò lé e. Wọ́n ní bí kò bá mọ ọ́n dáadáa, ojú tirẹ̀ ni kí èéfín kọ́kọ́ ta. Èéfín kò ta bàbá náà lójú. Ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin, ó ní òun ṣì ń tọ́ ọ wò ni.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Karùn-ún

Alága káńsù kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò ní yáàdì. N kò ní ọ̀rọ̀ kankan lòdì sí alága. Ó ní kẹrosíìnì ti wọ́n, ìgò kan ti di náírà méjì, síbẹ̀ kò sí. Ó ní ọkọ̀ igi ìdáná mẹ́wàá ni ó ń ti inú igbó ọ̀nà Oǹdó wọ ìlú lójúmọ́, igbó náà ti ń rí bí orí tí wọ́n fá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn sọ́mìlì ń da ìyẹ̀fun pákó sínú odò, wọ́n ń sun ìyókù tọ̀sán-tòru. Ó ní, "Ìlú kan náà ló ń da iná nù, òun náà ló ń wá iná kiri." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

Káńsù yóò ṣe ọgọ́ta ààrò fún àwọn ẹlẹ́kọ àti ilé ìdáná àwọn ilé ìwé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn yóò ti Òṣogbo wá wò ó. Bí ó bá dára, wọ́n á ràn wá lọ́wọ́ kí ó dé gbogbo wọ́ọ̀dù. Bí kò bá dára, ìlú mìíràn ni wọ́n máa gbé ìrànlọ́wọ́ náà lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí ààrò kan. Ààrò Ọ̀gá ni. Mo mọ ibi tí mo ti jó o tí iná fi jó mi ní ìka. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí i lára: ÀÀRÒ ỌLÁBÍSÍ. Ẹnjiníà sọ fún alága pé ọdún méjì ni òun fi ronú rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lágúnjú pàtẹ́wọ́. Mo ti kọ orúkọ tirẹ̀ náà síbí.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹfà

Ọlábísí pàṣẹ pé kí wọ́n kó ìyẹ̀fun pákó gbogbo sọ́mìlì wá, kí wọ́n dà á pọ̀ sójú kan ní yáàdì. Ó ní ètò nìyẹn.

Ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń béèrè igi tí wọ́n là lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ arère tàbí afára, a ó gbé àpò wa lọ. Bí ó bá jẹ́ igi ọfún, a ó kọjá, a ó sì bo imú wa, nítorí ìyẹ̀fun ọfún máa ń mú ènìyàn sín títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, èéfín rẹ̀ sì burú ju ata lọ. Àwọn tí ń la pákó mọ̀ ọ́n. Ẹnjiníà kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń la pákó.

Mo rí i tí wọ́n da ọfún lé arère lórí. Ọlábísí bi mí bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó dára gan-an, sà."

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹfà

Ọdún Iléyá. Òjò láti àárọ̀. Màmá Hàjàrá fi ẹran ránṣẹ́ sí Ọ̀gá, mo bá a jẹ ẹ́. Nígbà tí a ń jẹun lọ́wọ́, àwọn ọmọ kan kọjá lójúde, wọ́n ń kọrin, "Bàbá Dúrọ́ọ̀mù, ó gbé mẹ́jọ." Ọ̀gá ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wọ inú yàrá.

Nígbà tí bàbá mi kú, tí ilé ìwé abúlé kò lè gbé mi lọ síwájú mọ́, ọkùnrin yìí ló mú mi wá sí Ifẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ọdún méje ni mo fi jẹun nínú àwo rẹ̀. Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe fún Ọlábísí.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sọ́mìlì ní ọjọ́ tí wọ́n ń la ọfún. Mo gba àpò mẹ́rin. Mo mú ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sun ún nínú agolo ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ka á: ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo sín. Omi ojú mi dà títí mo fi jókòó sílẹ̀. Onílé mi bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò tíì kú.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ra ẹyin méjì. Ọ̀wọ́n ni ẹyin báyìí.

Èmi ni n ó di ìyẹ̀fun sínú ààrò tí wọ́n máa fi han àwọn àlejò. Ọfún nìkan ni n ó fi dì í.

Ẹtì, 3 Oṣù Keje

Òjò. Ọlábísí ra bàtà tuntun.

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Keje

Ààrò mọ́kànlélógójì ti parí. Èmi ni mo jó ọgbọ̀n nínú rẹ̀. N kò fi ṣeré rárá, nítorí bí ojú irin kan bá ṣí, wọ́n á ní Ọ̀gá kò kọ́ mi dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kun ọ̀dà ń kọ orúkọ olè sí i bí mo bá ti gbé e kúrò nílẹ̀.

Ọlábísí wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń dì í han òun, òun fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò lọ sí Òṣogbo. Mo fi ìgò hàn án: a ó gbé ìgò dúró láàrin dúrọ́ọ̀mù, a ó ti igi kan gba ihò ìsàlẹ̀ títí yóò fi kan ìdí ìgò, a ó wá máa da ìyẹ̀fun yí ìgò ká, a ó máa gún un kí ó le. Bí a bá yọ ìgò àti igi, ihò tó kù ni atẹ́gùn máa gbà, ibẹ̀ náà ni iná máa gbà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yọ ìgò nìkan ni mo fi pamọ́ sọ́wọ́ ara mi. A kì í fà á. A máa ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ eyín ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti Ọ̀gá fi mọ ìyẹn.

Kò bi mí, n kò sọ.

Àìkú, 19 Oṣù Keje

Ayọ̀ kò jẹ́ kí ẹnu mi gbé e mọ́. Mo sọ fún Ọ̀gá nípa àpò ọfún mẹ́rin tó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí pé, "Ta ni yóò dúró ti ààrò náà lọ́jọ́ náà?"

Mo ní Ọlábísí ni.

"Ọlábísí á dúró ti ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀. Mo ní ta ni yóò dúró ti ààrò?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rò ó. Àwọn ẹlẹ́kọ ni wọ́n máa ro ẹ̀kọ lórí rẹ̀. Màmá Hàjàrá ni yóò wà níwájú, òun tí mímí máa ń nira fún bí eruku ọyẹ́ bá fẹ́ sí i lásán.

Ọ̀gá ní, "Ká ní Màmá Hàjàrá kò tiẹ̀ kú. Àwọn ará Òṣogbo á húkọ́, wọ́n á ní ààrò yìí kò dára, wọ́n á lọ. Ọlábísí á lọ gba iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ààrò ńkọ́? Èmi ni mo bí i, Ògúnwálé. Ọmọ mi lo fẹ́ pa kí o lè gbẹ̀san fún mi. Lọ da ọfún yẹn nù, kí o bò ó mọ́lẹ̀."

Mo bínú sí i. Mo kúrò níbẹ̀ láìkí ìyàwó rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Keje

N kò jẹun. Inú ṣì ń bí mi sí Ọ̀gá nítorí pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹni yẹn lọ bẹ́ẹ̀. N kò ní jẹ́.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Keje

Mo lọ bá Màmá Hàjàrá. Ó ń ro ògì. Mo bi í pé bí ààrò bá jẹ́ onírin ńkọ́, ta ni yóò dá iná àkọ́kọ́ sí i.

Ó ro ògì rẹ̀ títí ó fi dì kí ó tó dá mi lóhùn. "Irin ni, amọ̀ ni, ojú ta ni èéfín kọ́kọ́ ń ta?"

"Ojú ẹni tó mọ ọ́n, mà."

"Ta ló mọ eléyìí?"

Mo ní orúkọ ẹni tó mọ ọ́n wà lára rẹ̀, gàdàgbà.

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, ojú rẹ burú bí ojú ológbò tó rí ẹja." Lẹ́yìn náà ó ní òun ti ń jẹ ẹran Iléyá pẹ̀lú ilé Fáṣínà láti ìgbà tí ọkọ òun ti wà láyé, òun kò sì tíì rí dúrọ́ọ̀mù olè níbẹ̀.

Mo lọ sọ́mìlì ní ìrọ̀lẹ́. Arère ni wọ́n ń là. Mo gba àpò kan, mo tẹ́ ẹ sínú yàrá mi kí ó gbẹ. Orí rẹ̀ ni mò ń sùn.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹjọ

Òjò kò rọ̀ lónìí. Ọlábísí ní kí n di ààrò kan sílẹ̀ kí wọ́n lè kàn tan án lọ́la. Mo dì í, arère nìkan, ó dára. Màmá Hàjàrá mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹjọ

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò ní fi kún un. Kò nílò àfikún.

Àwọn àlejò dé ní aago mẹ́wàá, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan tó ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́kọ jókòó ní ọ̀wọ́, ó tó ogójì. Ọlábísí wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ó pe ààrò náà ní ọmọ ọpọlọ òun. Alága wá ní kí Màmá Hàjàrá gbé ìkòkò ka iná.

Màmá kò dìde. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ìjókòó láti kí wọn, ó ní àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ kì í gbé ìkòkò lé ààrò tuntun kí ẹni tó mọ ọ́n tó dá iná àkọ́kọ́ sí i. Ó ní kì í ṣe àìgbọràn, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Alága rẹ́rìn-ín, ọmọ Ifẹ̀ ni, ó ní òun náà mọ̀ ọ́n nílé ìyá òun. Ó nawọ́ sí Ọlábísí. Ọlábísí mú ìṣáná, ó fẹ́ fi sí ihò ìsàlẹ̀.

Màmá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró, sà. Ta ló di ìyẹn? Ẹ tú u dànù. Ojú wa ni kí ẹ ti ṣe é."

Obìnrin tó ní ìwé lọ́wọ́ ní òun náà fẹ́ rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá tú u.

Ọlábísí bọ́ kóòtù. Wọ́n bu ìyẹ̀fun fún un láti inú òkìtì rẹ̀, èyí tó dà pọ̀. Ó gbé ìgò kalẹ̀, ó ti igi bọ̀ ọ́, ó gún un, ó sì gún un dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó wá di ọrùn ìgò mú, ó fà á. Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún wó. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń sín. Eruku ọfún inú òkìtì náà ti bá a. Àwọn ẹlẹ́kọ ti fi ìborùn bo imú. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn sọ pé, "Ó jọ pé ọmọ yìí kò mọ bàbá rẹ̀." Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ó wò yíká, ó rí mi. Ó ní, "Ògúnwálé, wá ràn mí lọ́wọ́."

Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n, sà. Ọdún méjì lẹ fi ronú rẹ̀."

Alága yí sí mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìwọ, ta ló mọ ààrò yìí?"

Mo ní Fáṣínà ni, ẹni tí wọ́n lé nítorí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un láti fi mọ ọ́n. Ọlábísí ní irọ́ ni, pé ọmọ olè ni mí. Ibẹ̀ ni Lágúnjú ti dìde lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn. Ó ní, "Mo gbọ́ nígbà tí ẹnjiníà ní kó kó wọn, sà. Mo ní ọmọ márùn-ún nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́."

Wọ́n rán mọ́tò lọ sí Ìlódè. Ọ̀gá dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ ìdí tí wọ́n fi pè é. Ó rí ààrò, ó rí ìyẹ̀fun tó fọ́n ká ilẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á nù. Ó ní, "Ògúnwálé, arère dà?" Mo gbé àpò tèmi wá. Ó dì í. Ó yí ìgò, ó yí i, ó yí i, ó gbé e jáde, ihò náà dúró bí ihò ìbọn. Bébà kan ló fi tan án. Iná jáde lókè láìsí èéfín. Ó tẹ ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú.

Màmá Hàjàrá dìde, ó gbé ìkòkò lé e. Láti aago méjìlá títí di aago mẹ́ta, kò fi ìyẹ̀fun mìíràn kún iná náà. Obìnrin tó ní ìwé lọ́wọ́ ń wo aago, ó ń kọ̀wé.

Ọ̀gá ló jẹ ẹ̀kọ àkọ́kọ́.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹjọ

Mo jí, inú mi ṣì ń dùn. Mo fi kẹrosíìnì nu orúkọ yẹn kúrò lára ààrò mọ́kànlá kí kẹrosíìnì mi tó tán.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹjọ

Òṣogbo ti fọwọ́ sí i. Wọ́n dá Ọ̀gá padà, òun ni olórí iṣẹ́ ààrò. Káńsù ṣe òfin tuntun: sọ́mìlì kò gbọ́dọ̀ da ìyẹ̀fun sínú odò mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kó igi kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí àpò ọfún. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n kọ ìyẹn sí i. Ó tún fi ọ̀kan kún un: kò sí ẹni tí yóò gbé ààrò lọ sílé láìdì í lójú wa kí ó sì tan.

Wọn kò lé Ọlábísí. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì omi. Mo sọ fún Ọ̀gá pé kò tó. Ó ní òun ò tíì bi mí.

Lágúnjú wá bẹ Ọ̀gá, ó sì gbà á. Èmi kò tíì kí i.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Kò sí kẹrosíìnì rárá ní gbogbo ìlú. Àwọn ènìyàn tò dé títì láti gba ààrò ní yáàdì wa. Mo gbójú sókè, Ọlábísí ni ó kàn. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò lọ́wọ́. Ọlábísí ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ògúnwálé."

Mo ní òfin ni pé kí ó dì í lójú wa.

Ó wó lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Ẹ tún un ṣe, sà." Ó wó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń fi igbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Mo ní, "Ẹ tún un ṣe." Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò tíì jẹun. Ọ̀gá ń wò mí láti inú ṣọ́ọ̀bù.

Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ ọkùnrin náà lórí ọrùn ìgò. Mo ní, "Ẹ má fà á. Ẹ yí i." A jọ yí i. Ó jáde.

Mo bu arère fún wọn, ó kún àpò. N kò rẹ́ wọn jẹ.

Nígbà tí mo délé, mo da ọfún nù, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti ní kí n ṣe láti oṣù keje. Àpò mẹ́ta. Ìkẹrin ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi.